Ọwọ́ Tó Wà Nínú Ìwé

"Ìyá, nínú gbogbo ìwé tó wà nínú yàrá yìí, mélòó ni ẹni tó láwọ̀ bíi tèmi àti tiyín kọ?"

Olùkọ́ ìtàn kan ló bi í bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin tí kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, tó máa ń wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tí bírò kì í kúrò lẹ́yìn etí rẹ̀. Kò bínú béèrè, kò sì fi ṣẹ̀fẹ̀. Ó kàn gbójú kúrò nínú ìwé tó ń kà, ó wo pẹpẹ dé pẹpẹ, ó wá béèrè bí ẹni ń béèrè ibi tí wọ́n ti ń pọnmi. Obìnrin tó bi náà wo àwọn pẹpẹ ọ̀hún. Ó mọ ibi tí ìwé kọ̀ọ̀kan wà nínú yàrá náà bí abiyamọ ṣe ń mọ ibi tí ọmọ kọ̀ọ̀kan sùn sí nínú òkùnkùn. Bí iná bá lọ, á na ọwọ́ mú ìwé òjò, ìwé egungun ara, ìwé òfin ilẹ̀, kò ní ṣì í mú. Ṣùgbọ́n pẹpẹ tí ìdáhùn ìbéèrè yìí wà, kò mọ̀ ọ́n.

"Jẹ́ kí n wò ó ná," ló wí.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa tọ́jú yàrá ìwé ìtọ́kasí ní ilé ìkàwé kan tí àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ń lò. Ìwé ìtọ́kasí ni èyí tí èèyàn ń ṣí nígbà tí àríyànjiyàn bá dé, tí a fẹ́ mọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Wọn kì í yá ẹnikẹ́ni gbé lọ sílé. Ibẹ̀ lèèyàn á jókòó sí, ibẹ̀ lá ti kà á. Bí ẹnì kan bá gbàgbé, tó dìde tòun tìwé, kò ní tíì dé ẹnu ọ̀nà tí ohùn obìnrin náà á fi bá a, ohùn pẹ̀lẹ́ bíi ti ẹni tó ń kí èèyàn: "Má gbé e jáde o." Bó ṣe di Ìyá Má-gbé-e-jáde nìyẹn, lẹ́nu ọ̀gá, lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́, lẹ́nu ẹni tó ń gbálẹ̀. Àwọn ọmọ tó bí pàápàá ò fi í sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, bí ọ̀kan bá na ọwọ́ sí ẹran inú ìkòkò, èkejì á ké pé, "Má gbé e jáde o! Ìtọ́kasí ni!"

Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo ló ní tí kì í pè é ní orúkọ yẹn. Amọ̀kòkò ni ọ̀rẹ́ náà. Nígbà tí àwọn méjèèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ, inú ọgbà kan náà ni wọ́n ń gbé, ògiri kan ló là wọ́n láàárín. Bí ọ̀kan bá sín lọ́hùn-ún, èkejì á kí i pẹ̀lẹ́ níhìn-ín. Ìyá Amọ̀kòkò náà wà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ nígbà yẹn. Ìkòkò mímọ ni ìyá yìí ṣe láti kékeré, òun ló sì fi iṣẹ́ náà kọ́ ọmọ. Ọdún tí ẹni tí mò ń sọ ìtàn rẹ̀ yìí ń múra ìdánwò tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́, àkọ́bí rẹ̀ kò tíì lè jókòó. Ìyá Amọ̀kòkò á wá láàárọ̀, á fọ amọ̀ kúrò lọ́wọ́, á gba ọmọ, á wẹ̀ ẹ́, á pọ̀n ọ́n.

"Máa kàwé ẹ, ọmọ mi," á wí. "Èyí tí mo gbé pọ̀n yìí náà, ìwé ni."

Kò gba owó, kò gba aṣọ. Nígbà tí ẹni tó ń kàwé yege tó wá dúpẹ́, ohun tí ìyá náà sọ ni pé, "Ọjọ́ tí n bá nílò ẹ, wàá mọ̀." Ó sì kú kó tó nílò ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìbéèrè yẹn. Kò jẹ́ kí obìnrin náà sinmi. Láàárọ̀, kí àwọn òǹkàwé tó dé, á gun àkàbà, á máa fa ìwé yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, á wo orúkọ, á tì í padà. Bàbá Gọ́ọ̀mù ń wò ó láti kọ̀rọ̀ tirẹ̀. Òun ni adìwé ilé ìkàwé náà, àgbàlagbà tó ń lẹ ìwé tó bá ti ya, tí orúkọ rẹ̀ ti bá gọ́ọ̀mù ọwọ́ rẹ̀ lọ.

"Ìyá, kí lẹ sọ nù sórí àkàbà láàárọ̀ kùtù?"

"Àwọn tó kọ ìwé ni mò ń wò."

"Ọ̀pọ̀ wọn ti kú."

"Àwọ̀ wọn ni mò ń wò."

Bàbá Gọ́ọ̀mù gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. "Àwọ̀? Látinú orúkọ? Ìyá, orúkọ òyìnbó mẹ́ta ni àbúrò bàbá mi ń jẹ́, ó sì dúdú ju ìdí ìkòkò lọ. Ní tèmi o, àwọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo ìwé inú yàrá yìí ní."

"Àwọ̀ wo?"

"Àwọ̀ eruku."

Kò rẹ́rìn-ín. Ohun tó ń rí lórí àkàbà kò pa á lẹ́rìn-ín. Ìwé nípa odò wa, àlejò ló kọ ọ́. Ìwé nípa igi inú igbó wa, àlejò. Ìwé nípa èdè tí a fi ń bá ọmọ wa wí, àlejò ló jókòó tó kọ ọ́, tó sì ń sọ fún wa bí a ṣe ń sọ̀rọ̀. Ojú tì í bí ẹni tó ti ń gbálẹ̀ ilé kan láti ìgbà èwe, tó rò pé ilé òun ni, tí wọ́n wá fi ìwé ilẹ̀ hàn án.

Ó lọ bá ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá náà fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó ní owó ìwé tuntun kéré, ààyè sì ti kún. Kí ọ̀kan tó wọlé, ọ̀kan gbọ́dọ̀ jáde. Ó ní kí obìnrin náà fúnra rẹ̀ ṣe òfin bí yóò ṣe rí. Ó lọ sílé, ó rò ó dáadáa, nítorí kì í yára, ó sì mú òfin wá: níbi tí ìwé méjì bá ti ń sọ̀rọ̀ lórí nǹkan kan náà, ti ẹni tiwa ni kó dúró.

Mo fẹ́ kó yé yín pé ohun tó ṣe yìí kì í ṣe ohun burúkú. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan fa ìwé ìṣirò kan yọ lọ́jọ́ kan, ó rí orúkọ tó jọ ti bàbá rẹ̀ lórí ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì dúró pẹ̀lú ìwé náà láyà bí ẹni gbé ọmọ. Irú èyí kò ṣẹlẹ̀ rí nínú yàrá yẹn. Olùkọ́ ìtàn wá dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Má-gbé-e-jáde níwájú gbogbo èèyàn, tí bírò fi já bọ́ lẹ́yìn etí rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ó yẹ kó dùn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ bí àwọn tó ń to ìwé ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí ibẹ̀ ni àṣìṣe ti wọlé. Wọn kì í ka ìwé. Ìwé pọ̀ ju ọjọ́ ayé lọ. Ojú ewé kan ni wọ́n ń kà, èyí tó wà níwájú, tí orúkọ ìwé àti ti ẹni tó kọ ọ́ wà lórí rẹ̀. Ohun tí wọ́n bá bá níbẹ̀ ni wọ́n ń kọ sórí káàdì, ó parí. Bí wọ́n ṣe kọ́ obìnrin náà nìyẹn, bó sì ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ọjọ́ tó ti débẹ̀, láìṣe àṣìṣe kan.

Ìwé méjì ló wà nípa amọ̀ àti ìkòkò. Ọ̀kan ti gbó, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ṣí, òyìnbó obìnrin kan ló kọ ọ́. Èkejì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó ń dán, ọ̀mọ̀wé kan tó jẹ́ tiwa ló kọ ọ́. Kò sí ohun tó le nínú ìyẹn. Ó gbé èyí tó gbó sínú àpótí àwọn tó ń lọ. Nígbà tó padà dé, ìwé náà wà lórí tábìlì Bàbá Gọ́ọ̀mù.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí ló gbé èyí débí?"

"Mo fẹ́ lẹ̀ ẹ́."

"Ó ń lọ ni."

"Ìyá, ẹ wo inú ẹ̀ ná. Fọ́tò ọwọ́ kan wà níbẹ̀, bí ẹni pé ó fẹ́ nà jáde wá bọ̀ mí lọ́wọ́. Ọwọ́ àgbà. Mi ò rí irú ẹ̀ rí nínú ìwé."

"Orúkọ ta ló wà níwájú?"

"Òyìnbó kan ni."

"Ọ̀rọ̀ tán nìyẹn."

Ó ṣí i, tìtorí kí ó má bàa dà bí ẹni tó ń rí bàbá náà fín. Ó ṣí i síbi tí bàbá náà fi ìka sí, ojú rẹ̀ gba orí fọ́tò náà kọjá bí ojú ṣe ń gba orí ògiri kọjá, ó pa á dé, ó sì gbé e padà sínú àpótí. Ọkọ̀ àwọn tó ń ra bébà àlòkù wá gbé àpótí náà. Iṣẹ́ wọn ni láti rẹ ìwé sómi, kí wọ́n lọ̀ ọ́, kí wọ́n fi ṣe kíréètì ẹyin.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Amọ̀kòkò dé. Kò wọ ilé ìkàwé rí láyé rẹ̀. Aṣọ tó dára ló wọ̀, ó ti fi kànrìnkàn ha ọwọ́, síbẹ̀ amọ̀ wà lábẹ́ èékánná. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó bọ́ bàtà.

"Wọ bàtà ẹ, jàre. Ṣé ilé ọba ni?"

"Mi ò mọ̀. Ibi tí gbogbo èèyàn ti ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ báyìí." Ó wọlé, ó gbé ọwọ́ lé ìbàdí, ó rẹ́rìn-ín. "Ọ̀dàlẹ̀ ni ẹ́. Láti ìgbà wo lo ti gbé ìyá mi pamọ́ síbí, tó ò sọ fún mi?"

"Ìyá wo?"

"Ìyá tèmi! Èyí tó wẹ ọmọ ẹ!"

Òǹkàwé méjì gbójú sókè. Ìyá Má-gbé-e-jáde fà á lọ́wọ́ lọ sẹ́yìn pẹpẹ, ibẹ̀ ló ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Obìnrin kan ló wá ra ìkòkò. Ó yí ìkòkò kan sọ́tùn-ún sósì, ó béèrè pé ta ló kọ́ Amọ̀kòkò níṣẹ́. Amọ̀kòkò dárúkọ ìyá rẹ̀. Ni obìnrin náà bá figbe ta. Ó ní òun ti ka orúkọ yẹn nínú ìwé, ó ní fọ́tò ọwọ́ ìyá náà wà níbẹ̀, pé kó lọ béèrè ní ilé ìkàwé èyíkéyìí tó bá wà nítòsí.

"Mo ní, ilé ìkàwé kẹ̀? Ọ̀rẹ́ mi ló ni ín! O rántí òyìnbó obìnrin tí mo máa ń sọ fún ẹ, tó ń wá jókòó ti ìyá mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé? Tó so ẹ̀rọ fọ́tò mọ́rùn bí ewúrẹ́ tí wọ́n so okùn mọ́? Ìyá mi ò jẹ́ kó ya ojú òun. Ó ní ojú òun kọ́ ló ń mọ ìkòkò. Ó ní tó bá fẹ́ ya nǹkan kan, kó ya ọwọ́."

"Mo rántí."

Amọ̀kòkò dẹ ohùn sílẹ̀. "O mọ̀ pé mi ò ní fọ́tò ìyá mi kankan. Ojú ẹ̀ ti ń sá mọ́ mi lọ́wọ́. Tí mo bá fẹ́ rántí ẹ̀ báyìí, ojú ara mi ni mò ń rí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ yẹn, ká kó igba ọwọ́ síwájú mi, màá mú un. Mú un wá kí n rí i. Mi ò ní gbé e jáde."

Obìnrin tó jẹ́ pé irọ́ ni ìwé tí kò sí ní ààyè rẹ̀ lójú tirẹ̀, ó dúró níbẹ̀, ó purọ́. Ó ní ìwé náà wà lọ́dọ̀ adìwé. Ó ní kí ọ̀rẹ́ òun máa lọ ná, òun á ránṣẹ́.

"Kó lẹ̀ ẹ́ dáadáa o," ni Amọ̀kòkò wí. Nígbà tó ń lọ, ó kí Bàbá Gọ́ọ̀mù ní kọ̀rọ̀ rẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ìtọ́jú ìyá mi, sà." Bàbá náà dáhùn, kò mọ ohun tó dáhùn sí.

Nígbà tí Ìyá Má-gbé-e-jáde sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, Bàbá Gọ́ọ̀mù kò sọ pé mo wí fún yín. Ì bá dára kó sọ ọ́. Ó kàn bo agolo gọ́ọ̀mù rẹ̀, ó ní, "Ẹyin ló wà lórí ẹ̀ báyìí, Ìyá."

Láti ọjọ́ náà ni obìnrin náà kò ti lè wo kíréètì ẹyin. Nígbà tó lọ ra ẹyin, ó ní kí wọ́n kó o sínú àpò.

"Ìyá, ẹyin ni o," ni ẹlẹ́yin wí. "Kì í ṣe àlùbọ́sà."

"Kó o síbẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Tó bá fọ́, ẹ ò rà á lọ́wọ́ mi o."

Ó fọ́. Ó gbé àpò tó ń ṣe omi délé, ó jókòó sí ilé ìdáná, kò nù ún. Kì í ṣe pé ó ju ìwé kan nù ló ń dùn ún jù. Ìwé ń sọnù. Ohun tó ń dùn ún ni pé ó ṣí i. Ọwọ́ tó wẹ ọmọ rẹ̀, tó rí láràárọ̀ tí omi ọṣẹ ń kán lára rẹ̀, ó wò ó lójú, kò dá a mọ̀, torí orúkọ ẹlòmíràn ló wà níwájú ìwé. Bí wọ́n bá ní òyìnbó kan ló ṣe bẹ́ẹ̀, òun ni ì bá kọ́kọ́ bínú.

Nígbà tó yá, ó ṣe ohun tí kò ṣe rí: ó jókòó, ó ka ìwé tuntun ti ọ̀mọ̀wé yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìwé dáadáa ni. Ọkùnrin náà mọ ìtàn, ó mọ ilẹ̀, ó tún ohun tí àwọn àlejò ti kọ lódì kọ dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan bí a ṣe ń po amọ̀, bí a ṣe ń mọ̀ pé iná ti tó, ohun tó kọ ni pé *àwọn amọ̀kòkò sọ pé*, ó sì fi nọ́ńbà kékeré kan sí i. Obìnrin náà tẹ̀lé nọ́ńbà náà lọ sísàlẹ̀ ewé. Orúkọ òyìnbó obìnrin yẹn ló wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìyá Amọ̀kòkò ti gba ẹnu òyìnbó, ó ti gba ẹnu ọ̀mọ̀wé, ó ti délé padà, kò sì sí orúkọ ìyá náà lára rẹ̀ mọ́.

Ó pe olùkọ́ ìtàn sẹ́yìn pẹpẹ, ó ro gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ìyá, mo kàn béèrè ni. Mi ò ní kẹ́ ẹ ju nǹkan nù."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo jù ú nù."

"Ṣùgbọ́n ó ṣì ṣe pàtàkì, ẹ má bínú. Ẹni tí kì í ṣe ara ilé, ojú fèrèsé ló ti ń wo ilé. Kì í rí gbogbo rẹ̀."

"Òótọ́ ni. Ta ló wà nínú ilé nígbà tí òyìnbó yẹn ń yọjú?"

Ọ̀dọ́kùnrin náà fọwọ́ kan bírò etí rẹ̀.

"Ìyá ọ̀rẹ́ mi ni. Mo rí ẹni tó wà lójú fèrèsé, mo bínú, mo wó ilé náà lé ìyá lórí. Tíṣà, ìbéèrè rẹ dára. Èmi ni mi ò béèrè é tán. Mo béèrè ẹni tó kọ ọ́. Mi ò béèrè ẹni tó sọ ọ́."

Ọ̀dọ́kùnrin náà ràn án lọ́wọ́. Ẹ̀bi náà ti ràn án. Àwọn méjèèjì kọ̀wé sí gbogbo ilé ìkàwé tí wọ́n lè ronú kàn. Èyí kò ní in, èyí tà á, èyí ní òun náà ti kó irú rẹ̀ dànù, wọ́n sì kí wọn kú iṣẹ́. Ní gbogbo ìgbà yẹn, bí Amọ̀kòkò bá pàdé rẹ̀, á ní, "Gọ́ọ̀mù ọ̀hún ò tíì gbẹ ni?" Obìnrin náà á ní ó kù díẹ̀. Ó ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ síbi iṣẹ́ kí ó má bàa kọjá níwájú ibi tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń sun ìkòkò.

Ilé ìkàwé kan lókè òkun ló fèsì níkẹyìn. Wọ́n ní ó wà lọ́wọ́ wọn, ẹyọ kan, ní yàrá ìtọ́kasí. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó má bínú, pé ìwé inú yàrá yẹn, wọn kì í gbé e jáde.

Ó ka gbólóhùn náà, ó tún un kà. Ẹni tó kọ ọ́ fi ọ̀wọ̀ kọ ọ́, ohùn pẹ̀lẹ́. Òun fúnra rẹ̀ kò lè sọ ọ́ dára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n wọ́n ṣe fọ́tòkọ́pì àwọn ewé tó béèrè, wọ́n fi ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ hàn ketekete. Lẹ́yìn pátápátá ni òyìnbó tó kọ ìwé náà ti dúpẹ́, ní lẹ́tà wínníwínní: ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó fún un lówó, lọ́wọ́ awakọ̀, lẹ́yìn awakọ̀ ni orúkọ ìyá Amọ̀kòkò. Ewé tí fọ́tò wà lórí rẹ̀ ni kò hàn. Ẹ̀rọ ti sọ ọ́ di dúdú kirikiri. Ó gbé e sójú oòrùn, ó gbé e sábẹ́ iná. Bí ẹni da tàdáwà sórí bébà ni.

Ó kó wọn sínú fáìlì, ó lọ.

Abẹ́ àtíbàbà ni Amọ̀kòkò wà, ó ń fa etí ìkòkò kan. Kò dìde. Obìnrin náà kò jókòó. Ó sọ ọ́ bó ṣe rí, láti orí àkàbà títí dé orí kíréètì, kò fi ẹnì kankan bo ara rẹ̀, kò dárúkọ olùkọ́ ìtàn pàápàá. Amọ̀kòkò ń bá etí ìkòkò lọ. Etí náà ti rí bó ṣe yẹ kó rí tipẹ́tipẹ́, ó sì ń fà á síbẹ̀.

"Gọ́ọ̀mù wo wá ni wọ́n ń fi lẹ̀ ẹ́ láti ìgbà yìí?" ló béèrè nígbà tó yá.

"Irọ́ ni mo pa."

"Mo mọ̀. Gọ́ọ̀mù wo ni kì í gbẹ? Mo ń dúró dè ẹ́ ni." Ó nu ọwọ́ mọ́ àkísà. "Kà á."

Ó jókòó sórí àpótí, ó kà á, ó ń túmọ̀ rẹ̀ bó ti ń lọ, ó ń dá ọ̀rọ̀ òyìnbó padà sí ẹnu tó ti jáde. Níbi tí ìyá náà ti sọ pé amọ̀ tó bá yára gbọ́ràn sí ọ lọ́wọ́, má gbẹ́kẹ̀ lé e, Amọ̀kòkò rẹ́rìn-ín lójijì.

"Ohun tó sọ nípa ọkọ mi náà nìyẹn! Kì í ṣe bó ṣe máa ń sọ ọ́ nìyí, òyìnbó yẹn ti fi iyọ̀ dù ú. Ṣùgbọ́n òun ni. Òun ni. Máa kà á lọ."

Ó kà á tán. Omi ojú ń bẹ lójú àwọn méjèèjì, kò sẹ́ni tó nù ún. Amọ̀kòkò na ọwọ́.

"Ọwọ́ ńkọ́?"

Ó fún un ní bébà dúdú náà. Amọ̀kòkò yí i lọ, yí i bọ̀, ó gbé e sún mọ́ ojú.

"Ìyá mi dúdú lóòótọ́," ló wí, "ṣùgbọ́n kò dúdú tó báyìí."

"Ẹ̀rọ ló bà á jẹ́."

"Ó dáa. Ìwọ sáà rí i kó tó lọ. O ṣí i, o fi ojú ara ẹ rí i. Sọ fún mi bó ṣe rí. Ọwọ́ ọ̀tún ló wà lókè ni, àbí tòsì? Ṣé ó ń fa etí ni, àbí ó ń dán inú? Òrùka wà lọ́wọ́ ẹ̀?"

Obìnrin náà wá a nínú orí rẹ̀. Ó mọ àwọ̀ èèpo ìwé náà, ó mọ nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó mọ ibi tó jókòó sí lórí pẹpẹ, ó mọ orúkọ ẹni tó kọ ọ́ dé orí lẹ́tà ìkẹyìn.

"Mi ò wò ó," ló wí.

Amọ̀kòkò gbé bébà dúdú náà lé itan. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ dìde, bí ó sì ti mọ́ ọn lára, ó kó àwọn ewé náà jọ, ó tò wọ́n gún, ó fẹ́ dá wọn padà sínú fáìlì.

"Má gbé e jáde," ni Amọ̀kòkò wí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa fi ọ̀rọ̀ yẹn bá a wí, kò sì rẹ́rìn-ín. "Ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá mi, o ti san ìyẹn. Ọwọ́ ẹ̀ ló kù."

Nínú yàrá ìtọ́kasí lónìí, ìwé àwọn tiwa ṣì wà lórí pẹpẹ, obìnrin náà sì ń béèrè àwọ̀ ẹni tó kọ ìwé síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìwé ló ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà á báyìí, níbi tí wọ́n ti ń dúpẹ́. Bàbá Gọ́ọ̀mù ní ó dà bí ẹni tó ń jẹun láti ìdí àwo. Orúkọ tó bá bá níbẹ̀, á kọ ọ́ sórí káàdì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹni tó kọ ìwé. Iṣẹ́ náà ń lọ́ra. Kì í kánjú ṣe é nítorí ẹnikẹ́ni.

Ó sì ṣì ń kọ̀wé sí àwọn ilé ìkàwé, ó ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá òun fi ẹ̀rọ tó dára ya ojú ewé kan ṣoṣo. Kò tíì rí ẹni tó ṣe é. Bí òun àti Amọ̀kòkò bá pàdé lójú ọ̀nà, wọ́n máa ń kí ara wọn bíi ti àtijọ́. Amọ̀kòkò á béèrè ilé, á béèrè ọmọ, á béèrè ẹsẹ̀ tó ń ro ó. Nígbà tí wọ́n bá ti kọjá ara wọn díẹ̀, á yíjú padà.

"Ọwọ́ ńkọ́?"

"Ó ṣì wà lọ́rùn mi."